Ọmọ mẹ́rìnlá nínú páálọ̀ mi ní Kubwa, Àbújá: ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wo ni kí n kọ́kọ́ kàn?

Ìyá Tẹ̀mí, Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mi ò ti fojú ba oorun dáadáa.

Olùkọ́ ni mí. Mo ní NCE, orúkọ mi sì wà nínú ìwé TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Primary One ní ilé ìwé aládàáni kan kí n tó dúró sílé tọ́jú àbíkẹ́yìn mi. Ìyá kan tó ń gbé lókè wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Federal Secretariat, ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun mú ọmọ òun dání láti aago méjì tí wọ́n bá ti jáde nílé ìwé. Aago mẹ́rin ni òun ń ṣíwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Kubwa lójoojúmọ́ mọ̀ pé kí èèyàn tó rí ọkọ̀ wọ̀ ní Berger, kó tó bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, aago mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá títì lọmọ náà máa ń jókòó sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Bó ṣe di méjì nìyẹn, tó di márùn-ún, tó di mẹ́rìnlá láàárín ọdún mẹ́ta. Mẹ́wàá nínú wọn ń wá fún lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́: a máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a máa ń ṣe ìṣirò, a máa ń kàwé, mo sì ń kọ́ wọn ní Yorùbá fún ogún ìṣẹ́jú nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbọ́ Haúsá ju èdè ìyá wọn lọ. Mẹ́rin tó kù ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta; àárọ̀ kùtù ni àwọn ìyá wọn ti ń pọ̀n wọ́n wá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà (₦15,000) ni mò ń gbà lóṣù lórí ọmọ lẹ́sìn kan. Ọmọbìnrin kan ń ràn mí lọ́wọ́. Páálọ̀ àti bárándà flat wa tó wà nísàlẹ̀ la ń lò. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ṣì ń sùn níbẹ̀. A ò wó ògiri kankan, a ò kọ́ nǹkan kan kún un. Pátákó kékeré kan ṣoṣo ni mo rì mọ́lẹ̀ síwájú géètì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wọlé. Wọn ò fi káàdì hàn mí, wọn ò fún mi níwèé. Wọ́n ní ilé gbígbé ni ibí yìí, mo ti sọ ọ́ di ilé ìwé láìgbàṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn mú ọ̀dà pupa, ó fa X sára ògiri bárándà, ó kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà náà ṣàn wálẹ̀ títí dé orí bàtà àwọn ọmọ tí wọ́n tò síbẹ̀. Ó wá rọra sọ fún mi pé tí mo bá "rí wọn sójú" ọ̀rọ̀ náà lè tán síbẹ̀. Mi ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Èyí tó dùn mí jù ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan tó dìde nídìí ìwé rẹ̀, tó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n fẹ́ wó ilé wa ni?" Ilé wa ló pè é.

Mi ò sá fún òfin o. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbi tó yẹ kó wà, nítorí pé ẹni tó bá ń mú ọmọ ọlọ́mọ dání ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ìjọba ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ti béèrè, ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ń sọ. Mo ti forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní CAC lọ́dún tó kọjá, mo rò pé ó tán síbẹ̀ ni. Ẹnìkan ní Area Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní Bwari ni kí n lọ, ẹlòmíì ní Education Secretariat ni. Àbúrò mi tó wà ní Èkó ń ka òfin tiwọn sí mi létí lórí fóònù. Lánlọ́ọ̀dù wa ń gbé ní Minna, kò sì mọ̀ pé àwọn ọmọ náà ti pọ̀ tó báyìí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n ní kí àwọn ọmọ náà dúró sílé ná?

Ayàwòrán Ilé, Karu

Ìyá Tẹ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé ni mò ń yà lórí ìwé, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn gbé ìwé lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ yí ìlò ilẹ̀ wọn padà nílùú yìí. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló dì mọ́ra nínú ohun tí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ wà lọ́tọ̀, CAC ò sì sí nínú méjèèjì. Orúkọ iṣẹ́ yín ni CAC mọ̀. Kò mọ ilé tí ẹ ti ń ṣe é, kò mọ bí ẹ ṣe ń ṣọ́ ọmọ.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé òfin Èkó ò dé ibí. Èkó ní gómìnà, ó ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Àbújá ò ní. Láti ìgbà òfin FCT (agbègbè olú-ìlú àpapọ̀, ìyẹn Àbújá) ti 1976, tí òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì tún fi èdìdì dì í, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ gbogbo níhìn-ín, mínísítà ló sì ń bá Ààrẹ ṣe é. Kubwa wà lábẹ́ Bwari Area Council lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ohun tí a lè fi ilé ṣe, Development Control ni ẹ máa bá sọ ọ́, kì í ṣe Area Council. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwé, Education Secretariat ni, ẹ̀ka Quality Assurance wọn.

Ìwé ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Lórí R of O tàbí C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀, ìlà kan wà tó sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fúnni nílẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ "residential" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ilé gbígbé nìyẹn, ohun mìíràn tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe yàtọ̀ sí gbígbé, ẹ ní láti tọrọ rẹ̀. Ibi tó ti le fún yín ni pé ayálégbé ni yín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló lè tọrọ àyípadà, ayálégbé ò lè ṣe é. Tó bá sì jẹ́ ẹsitéètì ńlá tí ilé iṣẹ́ kan kọ́, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà má sí lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù pàápàá, kó wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ. Ẹ béèrè kí ẹ tó náwó ọkọ̀.

Nísinsìnyí, pátákó. Òfin ètò ìlú ti 1992 (Decree 88) ò sọ pé kíkọ́lé nìkan ló ń gba àṣẹ. Yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tó máa hàn lára àyíká wà nínú ohun tó ń gba àṣẹ, pátákó ìpolówó tó dá dúró sórí ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, pátákó tí ẹ pè ní kékeré yẹn ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àbújá tiẹ̀ ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ pé pátákó nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, Department of Outdoor Advertisement and Signage. Ẹ hú u lónìí. Àwọn òbí tó ń bá yín ṣe ti mọ ilé yín.

Ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ "tó máa hàn lára àyíká" yẹn yẹ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ohun tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà yín wà. Ìyá kan tó ń gbé nílé rẹ̀, tó sì ń kọ́ ọmọ díẹ̀ ní páálọ̀, yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì kúrò tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì sí. Ohun tí onímọ̀ ètò ìlú máa fẹ́ mọ̀ ni: ọkọ̀ mélòó ló ń dúró níwájú ilé, láago mélòó? Omi ìdọ̀tí mélòó ló ń lọ sínú sókàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún ìdílé kan? Ariwo ń kọ́? Ẹ fi nọ́ńbà dá wọn lóhùn, kí ẹ má fi ẹkún dá wọn lóhùn.

Ní ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn, ẹ ya fọ́tò X náà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ. Ẹni tó bá wá lórúkọ ìjọba gbọ́dọ̀ fi káàdì hàn, kó sì fi ìwé lé yín lọ́wọ́ tí ẹ máa lè gbé lọ sí ọ́fíìsì tó ti wá. Ẹ má sanwó lẹ́nu ọ̀nà láéláé. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "received" sára tiyín. Mo ti rí i tí òǹtẹ̀ yẹn gba èèyàn sílẹ̀ nígbà tí ẹnu ò ràn án mọ́.

Aládùúgbò, Lokogoma

Ẹ má bínú sí mi. Ilé lẹ́sìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ẹ̀gbẹ́ kejì lèmi ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, àyà ń ro wọ́n. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni. Mo gbé wọn sínú ọkọ̀, mo ṣí géètì, mo bá jíìpù kan lẹ́nu ọ̀nà mi, kò sí ẹnìkankan nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ ti wọlé lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ni mo fi ń fọn fèrè ọkọ̀. Bàbá mi yè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjìlá yẹn ò kúrò lára mi.

Mi ò sọ pé kí wọ́n ti ilé yẹn pa. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, mo mọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnìkankan ò wá kàn ilẹ̀kùn wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Tẹ̀mí, ẹ ti bá àwọn ará ilé yín sọ̀rọ̀ bí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló lọ fẹjọ́ sùn. Ẹ lọ bá wọn, ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Kí àwọn òbí máa dúró sí ìkóríta, kí ọmọbìnrin tó ń ràn yín lọ́wọ́ máa sin àwọn ọmọ jáde.

Ìyá Iléèwé, Gwagwalada

Ìyá Tẹ̀mí, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá jẹ́lé-ó-sinmi àti pámárì bọ̀. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ.

Àwọn mẹ́wàá tó ń wá fún lẹ́sìn kì í ṣe ìṣòro yín tó tóbi jù. Àwọn mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta yẹn ni. Ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ nìyẹn, òfin sì mọ̀ ọ́n sí nǹkan ọ̀tọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ń ṣiṣẹ́ ní FCT. Ó ní apá kan tó sọ nípa àwọn tó ń gbowó tọ́jú ọmọ kéékèèké nínú ilé ara wọn, ó sì ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ó fún ìjọba láṣẹ láti kọ ẹni tí kò bá yẹ, tàbí ilé tí kò bá yẹ. Nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa tó jáde ní 2013, olùtọ́jú kan sí ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n fi sí kirẹ́ṣì, olùkọ́ kan sí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì ni ti nọ́sìrì. Tí ẹ bá ka orí, ẹ máa ní ẹ pé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: aago mẹ́ta lù, ọmọ ọwọ́ kan ti yàgbẹ́ sára, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ràn yín lọ́wọ́ lọ gba ọmọ lẹ́nu géètì. Ta ló wà ní páálọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù? Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn olùkọ́ mi nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í rí èsì fún un.

Ẹ máa lọ wo nǹkan mẹ́ta lálẹ́ òní, kí ẹ tó ronú kan ọ́fíìsì kankan. Bọ́gíláárì tó wà lójú fèrèsé yín, ṣé ó ṣeé ṣí láti inú? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà? Sítóòfù gáàsì àti síláńdà rẹ̀, ṣé ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ máa gbà sá jáde ló wà? Ẹ wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ fi ọwọ́ yín kan ìdérí sókàwéè. Ẹ má kàn dúró lókèèrè wò ó. Ọmọ ti kó sínú rẹ̀ ní àdúgbò tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, ìdérí náà sì dára lójú. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ra ẹ̀rọ apaná kékeré, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn panápaná kí wọ́n wá wo ilé. Ọmọbìnrin tó ń ràn yín lọ́wọ́, ta ló ṣe onídùúró rẹ̀? Láti 2019 ni NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ti gbé ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ dá lẹ́bi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá máa wà lọ́dọ̀ ọmọ, títí dórí mẹ́gádì, ni kí ẹ wò níbẹ̀. Kí ẹ sì ní ìwé kan tí òbí kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ rẹ̀ sí. Ọkùnrin kan wá bá mi nígbà kan, ó pe ọmọ lórúkọ, ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó ní àbúrò bàbá ọmọ lòun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé, mo ní kó jókòó. Nígbà tí mo máa fi pe ìyá ọmọ tán, ó ti lọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ má tilé mọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìn. Ẹ gbà wọ́n ní ìwọ̀nba. Àwọn ọmọ ọwọ́, ẹ dá wọn dúró ná títí ẹ ó fi rí ẹni kejì. Ó máa dun àwọn ìyá wọn, mo mọ̀.

Tí àwọn Area Council bá mú bébà owó wá, ẹ rántí pé òfin 1998 kan to owó orí àti owó òde tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n wá gbà hàn yín nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ọmọ Ìlọrin, Mararaba

Ẹ ṣeun gan-an. Mararaba nìyàwó mi ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣé ibì kan náà ni a máa lọ?

Ayàwòrán Ilé, Karu

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn Nyanya, ẹ ti kúrò ní FCT nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, ìjọba ìbílẹ̀ Karu. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Nasarawa ní Lafia ló ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé yín. Ẹni tó bá wà ní Suleja tàbí Madalla, ti Niger nìyẹn, Minna ni. Mo ti rí ẹni tó fi oṣù mẹ́rin rìn káàkiri ọ́fíìsì ní Garki nínú Àbújá kí ẹnìkan tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo gan-an lo ń gbé.

Ìyá Tẹ̀mí, Kubwa

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Ọlọ́run á san yín lóore.

Mo hú pátákó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di àárọ̀, mo fi ọwọ́ kan ìdérí sókàwéè bí Màmá ṣe ní kí n ṣe. Lókè, ó dán, ó le. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò létí rẹ̀, mo rí i pé ó ti sán láti igun kan dé àárín, irin inú rẹ̀ sì ti dípẹtà, ó rí bíi bísíkíìtì tó bọ́ sómi. Orí ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń ta okùn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ara mi ń gbọ̀n. Bíríkìlà ti da tuntun, mo sì ní kí ó fi búlọ́ọ̀kù yí i ká.

Mo pe lánlọ́ọ̀dù ní Minna. Inú bí i pé mo fi pamọ́ fún òun, mo sì bẹ̀ ẹ́, torí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ya fọ́tò ìwé ilẹ̀ náà ránṣẹ́. "Residential" ni lóòótọ́. Ó ti kọ lẹ́tà láti tọrọ àṣẹ náà lórúkọ ara rẹ̀, ó ní kí n bá òun gbé e lọ. Mo ti gbé e lọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, wọ́n sì ní kí n padà wá ní Monday pẹ̀lú àwòrán ilé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ò tíì padà wá.

Mo kan ilẹ̀kùn flat mẹ́fà. Ìyá àgbàlagbà kan lódìkejì sọ fún mi pé òun ò lè sùn lọ́sàn-án látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, pé òun ò fẹ́ sọ ọ́ kí n má baà rò pé òun kórìíra àwọn ọmọ. Ọdún mẹ́ta! Mo ti gbé eré sísá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn.

Àwọn ọmọ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Mo sọ fún àwọn ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì rí ibòmíràn. Ìyá ẹ̀kẹta sunkún níwájú mi, torí iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, kò sì ní ẹbí níhìn-ín. Mo ṣì ń gba ti ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì sì ti gbà láti máa wá jókòó tì wọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá, ẹ má bínú sí mi lórí èyí, mi ò lè lé obìnrin yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́gíláárì, inú dúrọ́ọ̀ yàrá wa ló wà tẹ́lẹ̀. Mo ti so aṣọ pupa mọ́ ọn, mo fi kọ́ ìṣó níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lè tó. Lánàá a dánrawò bí a ṣe máa jáde. Ìgbà àkọ́kọ́, ó gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin torí gbogbo wọn fẹ́ wọ bàtà. Ìgbà kẹta, a jáde láàárín ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, láìwọ bàtà. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ilé wa yẹn ló di aago mú.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, mo ti fi rúlà ya páálọ̀, bárándà àti ilé ìwẹ̀ sórí bébà, mo kọ ìwọ̀n ògiri kọ̀ọ̀kan sí i. Ṣé wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀, àbí ẹ máa bá mi tún un yà?

Ayàwòrán Ilé, Karu

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí, mi ò ní gba owó. Ẹ wọn fèrèsé àti ilẹ̀kùn náà, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí síláńdà gáàsì wà.